Ìpọ́njú ń gorí ìpọ́njú nínú ilé: báwo la ṣe ń dúpẹ́ láì fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun?

AbẹÒrùlé:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Bàbá ti wà lórí àìsàn láti oṣù márùn-ún, a ò tíì ṣọ̀fọ̀ Màámi tán, iṣẹ́ sì ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Ọmọ méjì ló wà nílé, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 6, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 14. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní.

Àkọ́kọ́, ṣé dandan ni kí a dúpẹ́ *fún* àìsàn àti ikú? Ìkejì, a bẹ̀rẹ̀ ìwé ọpẹ́, ohun mẹ́wàá lálaalẹ́. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ohun kan náà là ń kọ ṣáá: ẹ̀mí, ìlera, òrùlé. Ó ti sú gbogbo ilé. Ìkẹta, èyí ọdún 14 kì í dá sí àdúrà alẹ́ mọ́. Ó ní irọ́ là ń pa fún Ọlọ́run, mi ò sì mọ èsì tí mo lè fún un. Ẹ dákun, ẹ má kàn sọ fún mi pé "yóò dára".

Akàwé:
Ẹ kú ìrọ́jú, ma. Mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù sí mẹ́ta, kí ẹ sì máa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mò ń padà bọ̀ wá ṣàlàyé.

Ẹlẹ́rìíÒwúrọ̀:
Mi ò fara mọ́ èyí o. Ojoojúmọ́ ni ìpọ́njú ń dé, ojoojúmọ́ ló yẹ kí ọpẹ́ máa gòkè. Bí a bá ní ká dúró di ìgbà tí ọkàn bá fà sí i, a lè má dúpẹ́ mọ́ láé. Ẹ ka Hábákúkù 3:17-18. Igi ọ̀pọ̀tọ́ kò tanná, àjàrà kò so, kò sí ẹran nínú agbo, síbẹ̀ ó ní òun yóò yọ̀. Ó pinnu ni. Éfésù 5:20 pàápàá ní kí a dúpẹ́ *fún* ohun gbogbo, ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn.

OníSáàmù:
Ẹ̀gbọ́n, òtítọ́ lẹ sọ nípa ìpinnu, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ Hábákúkù láti orí 1. Ní ẹsẹ 2 ló ti ń béèrè pé yóò ti pẹ́ tó tí òun yóò máa ké tí Ọlọ́run kò ní gbọ́. Àròyé àti ìdáhùn ló gba orí méjì àkọ́kọ́ kó tó dé ibi tí ẹ mú wá yẹn. Ẹni tó bá fún ìdílé tó ń ṣọ̀fọ̀ ní òpin ìwé náà láìfún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹrù tó ju agbára wọn lọ ló gbé lé wọn lórí.

Ìyá wa, Sáàmù 13 ni kí ẹ mú. Ẹsẹ 6 péré ni, ó sì pín sí mẹ́ta gérégé. Ẹsẹ 1 àti 2, ìbéèrè ni: ẹ̀ẹ̀mẹrin ló béèrè pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹsẹ 3 àti 4, ẹ̀bẹ̀ ni. Ìgbẹ́kẹ̀lé àti orin wá wà ní 5 àti 6.

Bí ẹ ṣe máa lò ó nìyí. Ẹnì kan ka ẹsẹ 1 àti 2 sókè, jẹ́jẹ́. Kí olúkúlùkù wá sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Yóò ti pẹ́ tó". Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lè ní "mo kọjá". Kí ẹnikẹ́ni má dá ẹni tó sọ̀rọ̀ lóhùn, kí ẹnikẹ́ni má tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ ka 3 àti 4, kí ẹ sì bẹ ẹ̀bẹ̀ kan tó ṣe pàtó. "Kí Bàbá rí oorun wákàtí mẹ́rin sùn lálẹ́ òní" sàn ju "Olúwa, ṣàánú fún wa" lọ níbí, torí pé bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo ilé ni yóò mọ̀ bóyá ó sùn tàbí kò sùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni 5 àti 6. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 12 lọ.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé àwọn òbí a máa sáré kọjá ẹsẹ mẹ́rin àkọ́kọ́ kí wọ́n lè tètè débi orin. Ọmọ ọdún 14 kì í ṣàìmọ̀ bí ẹ bá ń sáré. Ohun tó ń pè ní irọ́ gan-an nìyẹn, mi ò sì rò pé ó jẹ̀bi. Ẹni tó rí inú wa la fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kí la fẹ́ fi itọ́ funfun ṣe níwájú rẹ̀?

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé Sáàmù 88 kò yí padà sí ọpẹ́ rárá. Òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ tó fi parí, síbẹ̀ ó wà lára àwọn sáàmù 150 tá a fi ń gbàdúrà. Bí alẹ́ kan bá wà tí ẹ ò lè kọjá ẹsẹ 4, ẹ pa iná, ẹ lọ sùn. Ẹ ti gbàdúrà.

Ẹlẹ́rìíÒwúrọ̀:
Mo gbà nípa orí 1, ẹ ṣeun. Àmọ́ kí a má sọ àròyé di ibùgbé. Ẹni tó bá fi oṣù mẹ́fà sọ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ nìkan, ẹnu rẹ̀ á mọ́ ọn lára. Éfésù 5:20 ńkọ́?

ÌwéÀtiÌtumọ̀:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti "nínú" àti "fún". 1 Tẹsalóníkà 5:18 sọ pé *nínú* ohun gbogbo. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀ ni *en*. Éfésù 5:20 sọ pé *fún* tàbí *nítorí* ohun gbogbo. *Hyper* ló wà níbẹ̀. Méjèèjì wà, kí a má fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ti Éfésù wà: gbólóhùn kan náà ni òun àti ẹsẹ 19, níbi tí àwọn ará ti ń fi sáàmù àti orin bá ara wọn sọ̀rọ̀. Orin ìjọ ló ń sọ. Kò sọ pé kí a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn kí a máa fi agbára gba ọpẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ wo Jóòbù 1:20-21. Ó fa aṣọ rẹ̀ ya, ó fá orí, ó wólẹ̀, lẹ́yìn náà ló fi ìbùkún fún orúkọ Olúwa. Orúkọ náà ló bù kún, kò dúpẹ́ pé ọmọ mẹ́wàá kú. Ní orí 3, ó fi ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ bú. Nígbà tó di 42:7, òun ni Ọlọ́run sọ pé ó sọ ohun tó tọ́. Inú bí I sí àwọn ọ̀rẹ́ tó ń gbèjà Rẹ̀.

Jòhánù 11 ló wá la ọ̀rọ̀ yìí lójú mi. Jésù sunkún nínú ẹsẹ 35, ó dúpẹ́ nínú ẹsẹ 41, ìwọ̀n ẹsẹ mẹ́fà péré. Ohun tó sì dúpẹ́ lé lórí ni pé Baba gbọ́ òun. Kò dúpẹ́ pé Lásárù kú. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́.

Nítorí náà, ma, bí ọkàn yín ò bá gba pé kí ẹ dúpẹ́ fún àrùn náà, ẹ má fi tipátipá sọ ọ́. Ẹ wo ohun tí àrùn náà kò rí gbà lọ, ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ dúpẹ́ fún ìyẹn.

AlfaKékeré:
Mùsùlùmí ni mí, ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un. Nínú Súrà 12, ẹsẹ 84, ojú Ànábì Yaakub funfun nítorí ìbànújẹ́ lórí Yusuf. Ní ẹsẹ 86, ó ní Ọlọ́hun nìkan lòun ń rojọ́ ìbànújẹ́ òun fún. Òun kan náà ló sì dárúkọ sùúrù tó rẹwà ní ẹsẹ 18. Sùúrù àti ẹkún kò bára wọn jà. Rírojọ́ *fún* Ọlọ́hun yàtọ̀ sí rírojọ́ Ọlọ́hun fún ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rìíÒwúrọ̀, mo rò pé èkejì yìí lẹ ń bẹ̀rù, ẹ sì tọ̀nà.

Nígbà tí ẹ̀mí ń bọ́ lára Ibrahim, ọmọ Ànábì Muhammad, omi bọ́ lójú Ànábì fúnra rẹ̀. Ó ní ojú ń ṣomi, ọkàn ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ Olúwa wa nìkan ni a ó sọ.

Súrà 94, ẹsẹ 5 àti 6, ní ìrọ̀rùn wà *pẹ̀lú* ìnira. *Maʿa* ni Lárúbáwá rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tún ṣàkíyèsí pé ìnira tó wà nínú ẹsẹ méjèèjì ní àmì pé ọ̀kan náà ni, ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn kò ní in: ìnira kan, ìrọ̀rùn méjì. Ẹ lè sọ ọ́ di ìbéèrè alẹ́: "Kí ló rọrùn díẹ̀ lónìí nínú ìnira yìí gan-an?" Kí ìdáhùn wá láti inú ìṣòro náà fúnra rẹ̀. Ìrora tó rọlẹ̀ fún wákàtí kan, ẹsẹ̀ tó wú tí wíwú rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ìpè orí fóònù tí ẹni tí ẹ ò retí pè.

Akàwé:
Mo ti dé. Ní 2003, Robert Emmons àti Michael McCullough, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé ìwádìí jáde, nínú èyí tí àwọn kan kọ ohun tí wọ́n moore rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10, kò ju ohun márùn-ún lọ. Àwọn mìíràn kọ ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn tó kọ ìmoore ni ayé wọn dára jù lójú ara wọn. Sonja Lyubomirsky náà fi àwọn tó ń ka oore wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ wé àwọn tó ń kà á lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tí a bá ń ṣe léraléra á di ẹnu lásán. Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní kí a má dúpẹ́ lójoojúmọ́ o. Ìwé kíkọ ni mo ń sọ.

Ìdí tí ìwé yín fi gbẹ ni pé "ẹ̀mí, ìlera, òrùlé" kò ní ojú. Ẹ kọ ẹni tó ṣe é, ohun tó ṣe, ìgbà tó ṣe é, kí ẹ sì fi ìdí rẹ̀ kún un. Báyìí: "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́ta ọ̀sán. Àbúrò jókòó ti Bàbá fún ogójì ìṣẹ́jú, mo sùn. Ó rí i pé ojú mi ti pọ́n, kò dúró kí n bẹ òun." Gbólóhùn mẹ́ta nìyẹn, ó ju àkọsílẹ̀ ohun mẹ́wàá lọ. Apá "ìdí" yẹn ṣe pàtàkì. Nínú ìwádìí tí Martin Seligman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2005, ohun mẹ́ta tó lọ dáadáa ni wọ́n ní kí àwọn ènìyàn kọ, pẹ̀lú ohun tó fà á. Àmọ́ kí n má fi nǹkan pa mọ́: alaalẹ́ ni wọ́n kọ tiwọn, fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Bí ẹ bá fẹ́ ti ojoojúmọ́, ẹ fi gbèdéke sí i bẹ́ẹ̀: ọjọ́ méje, kí ẹ dúró.

Ẹ má kọ "a sàn ju lágbájá lọ". Ìpọ́njú ẹlòmíràn kì í ṣe àtẹ̀gùn tí a fi ń gòkè lọ dúpẹ́, bí nǹkan bá sì tún burú sí i lọ́la, ẹ ò ní rí ẹni tí ẹ ó fi ara wé mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí ìwé náà wá bá ẹni tó ń sunkún wí pé "ṣebí ìwọ lo kọ èyí lọ́sẹ̀ tó kọjá". Ẹ̀ẹ̀kan péré tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ẹni náà ò ní kọ òtítọ́ síbẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sìÀgbà:
Ẹ ti sọ̀rọ̀ ọkàn, ó kù ti ara. 1 Àwọn Ọba 19: Èlíjà ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá kò wàásù fún un. Ó sùn, a jí i, ó jẹ, ó mu, ó tún sùn, a tún jí i, ó tún jẹ. Ìgbà tó di ẹsẹ 9 ni Ọlọ́run tó bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tí kò sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta a máa rò pé ìgbàgbọ́ òun ló kú, nígbà tó jẹ́ oorun ni kò rí. Ẹni tó ń tọ́jú Bàbá gbọ́dọ̀ ní alẹ́ méjì, ó kéré tán, lọ́sẹ̀ tí ẹlòmíràn yóò gba ipò rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sára ògiri. "Èmi náà á máa ràn yín lọ́wọ́" kì í ṣe ètò.

Kí a má dá oògùn dúró nítorí a ti gbàdúrà. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa di ìwé oògùn mú: orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n, aago, ìgbà tó lò ó kẹ́yìn.

Bí ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí ohunkóhun bá bo ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ní ọ̀pọ̀ jù lọ wákàtí ọjọ́, tí oorun àti oúnjẹ sì dàrú, tó ń pe ara rẹ̀ ní aláìwúlò, dókítà ni kó lọ rí. Àìsàn ni, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Bó bá ń sọ̀rọ̀ pé òun ì bá kú, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ wá ìrànlọ́wọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ kó oògùn àti ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí. Ẹ bi í léèrè tààrà bóyá ó ń rò ó. Bíbéèrè kì í fi í sí i lọ́kàn.

Olùkọ́Ọmọdé:
Ti àwọn ọmọ. Ọmọ ọdún 6 a máa rò pé nítorí ohun tí òun ṣe ni ìyá àgbà fi kú, kò sì ní sọ ọ́. Ẹ sọ nǹkan mẹ́ta fún un láìdúró kó béèrè: kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, ẹni báyìí ni yóò máa tọ́jú rẹ, o lè bi wá ní ohunkóhun. Ẹ lo ọ̀rọ̀ náà "kú". Bí ẹ bá ní Màámi "sùn", ẹ̀rù oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ẹ sì má sọ pé Ọlọ́run mú un lọ nítorí pé ó dára. Ọmọ á ronú pé dídára léwu. Fún ọpẹ́ tirẹ̀, kó ya àwòrán. Ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé rẹ̀ bó bá fẹ́.

Èyí ọdún 14: ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé ó sọ òtítọ́. Ẹ má fi àlàyé kankan kún un lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ẹnu, bíi kó máa ka ẹsẹ 1 àti 2 tí OníSáàmù sọ, kó sì jókòó. Mi ò fara mọ́ kí a fi dandan mú un wá ní gbogbo alẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó mọ ọjọ́ náà ṣáájú.

AbẹÒrùlé:
Ọlọ́run á san yín lẹ́san o. Mo bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, mo ní òtítọ́ ló sọ. Ó wò mí títí, ó ní "ẹ ṣé".

Nǹkan méjì ló kù. Ọkọ mi ní òun ò fẹ́ gbọ́ àròyé nínú ilé, pé ó ń pe ibi wá. Àwọn àlejò sì ń wá sọ pé "ẹ dúpẹ́ pé kò ju báyìí lọ".

OlùbẹAláìsànWò:
Nínú Jóòbù 2:13, ọjọ́ méje àti òru méje ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi jókòó sílẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Iṣẹ́ rere wọn nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni nǹkan bàjẹ́. Ẹ yan ẹnì kan láti máa gba àlejò àti ìpè. Kó ní ìwé iṣẹ́ kékeré lọ́wọ́: ẹni tó máa gbé ọmọ láti ilé ìwé, ẹni tó máa jókòó ti Bàbá ní wákàtí méjì, ẹni tó máa fọ aṣọ. Ẹni tó bá ní "kí ni mo lè ṣe?", kó fi ìwé náà hàn án. Ẹni tó bá fọ aṣọ kì í ráyè wàásù púpọ̀. Fún èyí tó bá sọ "kò ju báyìí lọ", èsì kan tó: "Ó dùn wá, ẹ bá wa gbàdúrà." Kí ẹ dákẹ́.

Ti ọkọ yín, ẹ má bá a jiyàn. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ a máa gbọ́ àròyé bí ẹni pé òun là ń fẹ̀sùn kàn. Ẹ sọ ọ́ fún un kedere pé kì í ṣe òun. Bí kò bá lè fẹnu sọ tirẹ̀, kó kọ ọ́: ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin léraléra, kó kọ ohun tó ń dùn ún jù láìbìkítà nípa bó ṣe kọ ọ́, kó fà á ya bó bá fẹ́. James Pennebaker ló fi irú rẹ̀ ṣe ìwádìí ní 1986. Kó mọ̀ pé ọkàn a máa wúwo sí i lọ́jọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́. Bó bá rí i pé ó fẹ́ bo òun mọ́lẹ̀, kó dáwọ́ dúró.

Ẹlẹ́rìíÒwúrọ̀:
Mo ti ka ohun tí gbogbo yín kọ, mo sì dín ọ̀rọ̀ mi kù. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó dá mi lójú sílẹ̀. Nínú Jóṣúà 4, òkúta 12 ni wọ́n gbé láti inú Jọ́dánì kí àwọn ọmọ lè béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Sáàmù 77 náà, láti ẹsẹ 11, iṣẹ́ àtijọ́ ni ẹni tó ń ké náà bẹ̀rẹ̀ sí í rántí, torí pé ti òní kò hàn. Ẹ mú ojú ewé 12 nínú ìwé yẹn, kí ẹ kọ oore tó ti ṣẹlẹ̀ kí wàhálà yìí tó bẹ̀rẹ̀, títí kan èyí tí Màámi ṣe. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ohun tuntun, ẹ má wá a. Kíkà ni kí ẹ kà.

Bí àdúrà bá kọ̀ yín lẹ́nu pátápátá, Máàkù 2: ẹni mẹ́rin ló gbé arọ náà, ìgbàgbọ́ *wọn* ni Jésù rí. Ẹ yan ẹni mẹ́rin, kí ẹ fi ìbéèrè kan pàtó ránṣẹ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ sùn. Kí wọ́n gbé e.

AbẹÒrùlé:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Ọjọ́bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ Sáàmù 13. Ọjọ́ tí Màámi pé ọdún kan ńkọ́? Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àyà mi ti ń já.

Olùkọ́Ọmọdé:
Ẹ jókòó ṣètò rẹ̀ báyìí, kó má bá yín lójijì. Kí olúkúlùkù mú ohun kan ṣoṣo wá tó jẹ́ ti Màámi: ohun èlò kan, ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ, àwòrán. Ẹni tí kò bá fẹ́ wà níbẹ̀ lè wà ní yàrá kejì, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ, kí ẹ sì ti ṣètò ohun tí ẹ máa ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí ilé má kàn dákẹ́ lójijì.

OníSáàmù:
Kí ẹ bi èyí ọdún 14 bóyá yóò fẹ́ yan sáàmù tí ẹ máa kà lọ́jọ́ náà. Bó bá yan 88, ẹ kà á.